Ohun tí Igbó Etíkun Kọ́ Mi Nípa Odò Tiwa ní Ìyàgbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀ ni ó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ó kan ọmọ Okun (àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí), tí a bí sáàárín òkè àti pápá, nínú ọ̀rọ̀ igi tí ń hù nínú omi iyọ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Kò sí igi mangrove kan ṣoṣo ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, láti Òwórò títí dé ààlà Kúwárà, kò sì lè sí níbẹ̀ láé, nítorí pé ibi tí omi òkun bá ti ń kún tí ó sì ń fà nìkan ni igi náà ń gbé. Iṣẹ́ ni ó gbé mi lọ sí àwọn abúlé Ìlàjẹ ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí mo ti bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lórí igbó wọn tí ó ti run. Nígbà tí mo padà sílé, tí mo sì rí ohun tí ojú igbó etí odò tiwa ti rí, ìmọ̀ tí mo kó bọ̀ láti etíkun ni ó wúlò fún mi ju èyí tí mo kà ní ilé-ìwé lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: igi gbígbìn ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ dídá igbó padà, ìbáà jẹ́ ní etíkun tàbí ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Omi àti ènìyàn ni iṣẹ́ náà.

Fún ẹni tí kò bá dé etíkun rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Mangrove kì í ṣe igi kan. Orúkọ àjùmọ̀jẹ́ ni fún oríṣiríṣi igi tí ara wọn gba omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tí kò ní atẹ́gùn nínú. Ní Nàìjíríà, tí igbó mangrove rẹ̀ tóbi ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ ní Áfíríkà, àwọn tí a máa ń rí jù ni Rhizophora, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ láti ara igi lókè tí yóò sì tẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, àti Avicennia, tí gbòǹgbò tirẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ tí yóò sì máa yọ orí ṣóńṣó sókè láti fi mí nígbà tí omi bá fà. Irúgbìn Rhizophora kì í dúró kí ó bọ́ sílẹ̀ kí ó tó hù. Orí ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, tí yóò gùn gbọọrọ, tí ìdí rẹ̀ yóò sì mú ṣóńṣó. Nígbà tí ó bá já, bí ẹrẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ó lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ omi ni, yóò léfòó lọ títí yóò fi rí ibi tí ó bá a lára mu. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde sí omi ńlá. Ẹrẹ̀ tí omi bá gbé kọjá máa ń dúró síbẹ̀. Ewé tí ó bá sì wọ inú ẹrẹ̀ náà kì í tètè jẹrà nítorí àìsí atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń pa èròjà kábọ̀nù, tí ń dá kún ooru ayé bí ó bá wọ inú afẹ́fẹ́, mọ́ ní ìlọ́po mélòó kan ju ilẹ̀ igbó orí ìyàngbẹ lọ.

Àwọn ará Ìlàjẹ ti mọ ìwúlò igbó yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí ó bà á jẹ́ kò ṣe é dì lé ẹnì kan lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wa epo la ọ̀nà omi tààrà láti etí òkun wọ inú ilẹ̀ kí ọkọ̀ wọn lè rí ọ̀nà gbà, omi iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọ àbàtà tí omi rẹ̀ jẹ́ aládùn tẹ́lẹ̀. Ó pa ògùrọ̀ àti àwọn igi mìíràn tí iyọ̀ kò bá lára mu, ó sì ba omi mímu jẹ́. Níbi tí epo rọ̀bì bá ti dà sínú omi, yóò lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tí igi fi ń mí. Àwọn ará ìlú fúnra wọn náà ń gé igi fún iná ẹja yíyan. Ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀pẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nypa, tí wọ́n kó wá sí Kàlàbá láti Singapore ní 1906, ti ràn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ odò ní Niger Delta, ó sì ń gba àyè mọ́ igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kó o wá láti fi mú etí odò dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé títí di òní ni àwọn kan ṣì ń sọ fún wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí pé igikígi tí ó bá ti ń yára dàgbà ni kí a gbìn sí etí odò.

Ìlú Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, wà ní etí òkun gan-an, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ojú ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé igi mangrove kò lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé kì í hù ní ojú ibi tí ìgbì ti ń fọ́; ẹ̀yìn erékùṣù, etí ọ̀sà àti àwọn odò tóóró tí omi wọn rọlẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Níbẹ̀, ó ń dín agbára omi kù, ó sì ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá wá ṣèlérí fún ará etíkun pé igi ni yóò lé òkun padà ń tan wọ́n jẹ ni, mo sì ti bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jókòó nínú ìpàdé.

Ìyá kan tí ń yan ẹja tà, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń lò títí di òní. A ti kó irúgbìn dé etí omi, àwọn àlejò láti ìlú ńlá ti wọ bàtà ẹrẹ̀ tuntun, ẹni tí yóò ya fọ́tò sì ti dúró sí ipò rẹ̀. Ìyá yìí ń bọ̀ láti ọjà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó dá ajẹ̀ dúró, ó kí wa, ó ní: "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ mọ igi, ẹ ò mọ omi. Ṣé ẹ ti béèrè ohun tí ó lé èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tí mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a gbé irúgbìn náà sí ibòji, kí a sì pe ìyá náà sí ìpàdé ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ń béèrè. Robin Lewis, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe àtúnṣe igbó mangrove ní Florida fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi hàn pé bí omi bá ń wọlé tí ó sì ń jáde bí ó ti yẹ, tí ìyá igi sì wà nítòsí tí irúgbìn rẹ̀ lè dé ibẹ̀, igbó lè padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan. Ó ṣàkíyèsí pé igi náà máa ń wà ní ibi tí omi kì í bò ó ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àkókò lọ. Ní Philippines, tí erékùṣù rẹ̀ ju 7,000 lọ, owó púpọ̀ ni wọ́n ná lórí gbígbin Rhizophora sí orí ẹrẹ̀ gbalasa àti orí koríko inú òkun, níbi tí omi ti ń bo irúgbìn mọ́lẹ̀ jù. Jurgenne Primavera, onímọ̀ ọmọ Philippines, àti ẹni tí wọ́n jọ kọ ìwádìí ní 2008 sọ pé ìdá 10 sí 20 nínú 100 ni ó sábà máa ń yè. Ìdí tí wọ́n fi ń gbìn ín síbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ibẹ̀ kò ní olówó. Ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ti di adágún ẹja àti edé tí ó ní olówó, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bá olówó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Mo rò pé kókó gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìyẹn. Igi kì í jà, omi kì í jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ilẹ̀ yóò jà, nítorí náà a máa ń lọ gbin igi sí ibi tí ìjà kò sí, igi yóò sì kú.

Ní abúlé tí mo wà, omi ni a kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n mọ ọkọ̀ wà ri ọ̀pá tí a fàlà sí mọ́lẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi, wọ́n sì ń kọ ibi tí omi dé sílẹ̀ nígbà tí ó bá kún àti nígbà tí ó bá fà, ní ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú àti ní ìgbà tí òṣùpá bá kú. Àwọn àgbà apẹja sọ ibi tí odò tóóró kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá nígbà èwe wọn. Ohun tí a rí ni pé ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ọkọ̀ ti dí ẹnu àwọn odò kéékèèké pa. Omi òkun tí ó bá fò wọlé nígbà ìkún ńlá kò rí ọ̀nà jáde mọ́, oòrùn ń fà á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń le sí i, igi sì ń kú lórí ìdúró. Bí a bá gbin ẹgbẹ̀rún irúgbìn síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò kú bí ti àkọ́kọ́. Òkìtì ilẹ̀ yẹn ni a gé, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti apẹ̀rẹ̀, láàárín ìgbà tí omi bá fà nìkan. Iṣẹ́ náà kò dùn ún yà ní fọ́tò. Lẹ́yìn òjò, irúgbìn tí ó léfòó wá láti òdìkejì odò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sínú ẹrẹ̀ náà. Ibi tí ìyá igi jìnnà sí nìkan ni a ti fi ọwọ́ gbìn.

Lẹ́yìn omi ni ọ̀rọ̀ ènìyàn kàn, òun ni ó sì gùn jù. Igi mangrove ń jó dáadáa, iná rẹ̀ máa ń pẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń fún ẹja yíyan ní àwọ̀ tí àwọn oníbàárà fẹ́. Púpurú tí àwọn ará Ìlàjẹ fi ń ṣe oúnjẹ náà, orí iná ni wọ́n ti ń yan án gbẹ. (Ọmọ ẹlẹ́yán ni mí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀fun mi tó gba púpurú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbà á tán, mo ń wá a kiri ní ọjà Kàbà nígbà tí mo dé ilé.) Bí ẹnìkan bá wá sọ fún obìnrin tí ẹja yíyan fi ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé pé kí ó má gé igi mọ́, láìsọ ohun tí yóò dá sí ààrò rẹ̀, àwàdà ni ó ń ṣe. Àwọn obìnrin náà ni wọ́n ṣe òfin fúnra wọn: odò tóóró tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀, èyí tí a lè gé ẹ̀ka gbígbẹ níbẹ̀, àti iye tí ẹni tí ó bá rú òfin yóò san. Ọ̀pọ̀ wọn yí ààrò wọn padà sí èyí tí a mọ ògiri yí ká, tí ooru rẹ̀ kì í ṣòfò, tí igi díẹ̀ sì ń tó o. Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe òfin, àwọn náà ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ọlọ́pàá igbó tí ó lè mọ ẹni tí ó gé igi lóru tó aládùúgbò rẹ̀ tí ó rí igi tútù ní ẹ̀yìn ààrò.

Ibi mìíràn náà kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní Gazi, ní etíkun Kẹ́ńyà, àwọn ará abúlé ti ń tọ́jú hẹ́kítà 117 igbó mangrove láti 2013 lábẹ́ ètò Mikoko Pamoja. Wọ́n ń ta ẹ̀rí kábọ̀nù tí igbó náà pa mọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ rà á lókè òkun, owó rẹ̀ sì ń lọ sórí omi mímu àti ilé-ìwé. Ní àwọn erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2025, àwọn erékùṣù àti igbó kan wà tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gbé tàbí láti ro oko níbẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń ṣa ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ òkun nínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí wọn kì í dé. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Okun kò nílò ìtumọ̀ fún èyí. Àwọn bàbá wa náà ní apá kan igbó etí odò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ebora, tí àdá kì í kàn, tí ọdẹ kì í yìnbọn níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Ìyàgbà, àdá ti kan án. Àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ odò Kampe ní igbó dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà tí mo wà ní ọmọdé: abùrà, ògùrọ̀, ọ̀gànwó, àràbà tí ó ga ju ohun gbogbo lọ, àti oparun. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kajú ti dé bèbè omi, nítorí pé owó kajú dára, ó sì yẹ kí ó dára, n kò bá àgbẹ̀ kankan wí. Àwọn tí ń jó èédú gé ayìn tán ní orí pápá, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ wá sí etí odò. Òsùn orí pápá, tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí Ṣáínà, ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi kí àdéhùn àgbáyé lórí òwò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú létí odò ti di oko ìrẹsì. Nígbà ọyẹ́, iná pápá tí igbó tútù máa ń pa fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gba etí omi kọjá sí òdìkejì. Àwọn odò tí a ń pọn mu dé ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ń gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì, omi wọn sì ń dà wá lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò bá rọ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa.

Odò wa kì í dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Kampe ń lọ sínú Ọya, Ọya bá Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà, omi náà sì ń lọ títí yóò fi pín sí ọ̀pọ̀ ẹnu ní Niger Delta, nínú igbó mangrove. Ẹrẹ̀ tí igbó yẹn dúró lé, ilẹ̀ tí odò gbé wá láti òkè ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Kainji ní 1968, tí wọ́n tún ṣe ti Jẹ́bà àti ti Shiroro lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ àti yanrìn náà ń jókòó sẹ́yìn dáàmù, ilẹ̀ etíkun sì ń rì. Ọmọkùnrin kan tí ó gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu mi béèrè pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò dára kí etí odò tiwa máa wó, kí ilẹ̀ wa lè máa lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀ ni. Ìbéèrè rẹ̀ gbọ́n ju bí ó ti rò lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó bá ya lulẹ̀ ní bèbè tí ó wà lókè dáàmù Ẹ̀jìbà lórí odò Kampe, inú dáàmù náà ni yóò kọ́kọ́ kún, omi tí a fi ń bu rin oko yóò sì dín kù. Èyí tí ó bá dé inú Ọya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò mú kí odò tẹ́ sí i. Omíyalé tí ó bo Lọ́kọ́jà mọ́lẹ̀ ní 2012 àti ní 2022 ní ìdí tí ó pọ̀, òjò àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù wà lára wọn, ṣùgbọ́n odò tí ó tẹ́ kì í gba omi tó èyí tí ó jìn.

Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ nílé, ìbéèrè Ìyá Àgbà ni mo gbé síwájú rẹ̀: kí ni ó lé èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ? Mo bá àwọn ọdẹ rìn ní etí odò kan, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ibi gbogbo, kò sì sí ìpàdé tí ó lè so èso bí inú wọn kò bá dùn sí i. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ igi náà kò tíì kú. Kùkùté abùrà àti ọ̀gànwó ń rú lọ́dọọdún, iná sì ń jó ọ̀mùnú wọn lọ́dọọdún. Olórí àwọn ọdẹ náà fi ìdí ìbọn rẹ̀ tọ́ka sí kùkùté kan, ó ní: "Ọmọ mi, èyí ti dàgbà jù mí lọ, ọmọdé ni iná sọ ọ́ dà." Nítorí náà, kí a tó ra irúgbìn kan, iná ni a kọ́kọ́ bá jà. A ro ilẹ̀ fẹ̀ yí apá kan ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná má lè fò ó. Àwọn ọdẹ sì gbà pé kí wọ́n tètè jó pápá tí ó wà lókè rẹ̀ nígbà tí koríko ṣì ní omi lára, nítorí pé iná àkọ́jó kì í le bí iná tí ó bá dé nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ.

Ìpàdé ni ó jẹ àkókò jù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ní abúlé, ẹbí ni ó ni ilẹ̀, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ létí odò kan náà. A jókòó ní ààfin, a kí àwọn àgbà ní "Okun", bí a ti ń kí ara wa nílé, a gbọ́ ẹjọ́ ààlà tí kò kan igbó rárá kí a tó dé orí ohun tí a bá wá. Àdéhùn tí a ṣe kò le: ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ láti etí omi ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a óò dá sí. Kajú tí ó ti wà níbẹ̀ yóò máa so títí yóò fi gbó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì yóò gbin tuntun síbẹ̀. Àwọn Fúlàní tí ń da màlúù wá mu omi wà nínú ìpàdé náà, èyí tí àwọn kan kò fẹ́. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé màlúù yóò mu omi bó ti wù kó rí, bí a kò bá sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un, ibi gbogbo ni yóò fi ṣe ọ̀nà. Ojú ọ̀nà méjì ni a fi sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì yan ibi tí bèbè ti tẹ́jú.

Àwọn obìnrin tí ń din gààrí ni a bá sọ̀rọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe bá àwọn tí ń yan ẹja sọ̀rọ̀ ní Ìlàjẹ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ràn láti máa wá igi lọ sí etí odò, ó jìnnà, ejò sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni igi kù sí? Ẹgbẹ́ wọn gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ilẹ̀ tí ó ti gbó tí kò gba iṣu mọ́, wọ́n sì gbin gẹ̀mẹ̀línà síbẹ̀ fún ìdáná nìkan. Gẹ̀mẹ̀línà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbìn ín sí bèbè odò, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ gbígbó fún iná gààrí, mi ò rí àbùkù rẹ̀. Wọ́n tún mọ ààrò wọn kí iná má baà máa yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ó dùn mọ́ wọn jù níbẹ̀ kì í ṣe igi tí ó dín kù, bí kò ṣe èéfín tí kò ta sí wọn lójú mọ́. Mo ti kọ́ láti má ṣe bá ènìyàn jiyàn lórí ìdí tí ó fi ń ṣe ohun tí ó dára.

Ní ti igi gbígbìn, a gbìn díẹ̀. Ibi tí ògùrọ̀ ti tán pátápátá, tí kò sí ìyá tí yóò já èso sílẹ̀, ni a ti gbin ògùrọ̀. Èso rẹ̀ ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó hù, àwọn kan tilẹ̀ ti kó ẹnu sí wa pé òkúta ni a rì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí ẹmu níbẹ̀, yóò rí ìko, yóò rí ọ̀pá tí ó lè fi kọ́lé. Níbi tí bèbè ti ń ya, oparun ni a fi há a. Gbogbo ìyókù ni ó padà fúnra rẹ̀ láti ara kùkùté àti láti inú ìgbẹ́ ẹyẹ: abùrà, ọ̀pọ̀tọ́, ọ̀pẹ. Àwọn tí ó wá wo iṣẹ́ náà láti ọ́fíìsì kan béèrè iye igi tí a gbìn, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá ka èyí tí ó wà láàyè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ọjọ́ tí wọ́n gbin igi kọ́ ni ó yẹ kí a ka igi, ìbáà jẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje tí àgbáyé fi ń rántí mangrove tàbí ní ọjọ́ ayẹyẹ igi gbígbìn tiwa.

Omi odò náà ti ń pẹ́ sí i kí ó tó gbẹ ní apá ibi tí igbó ti ń dì. N kò lè sọ pé igbó nìkan ni ó fà á, nítorí pé òjò ọdún kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ó sì yẹ kí a wò ó fún ọdún púpọ̀ sí i. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé iná kì í wọ ibẹ̀ mọ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì tutù ní oṣù Kejì.

Èyí tí ó kù tí a kò tíì yanjú ni ti yanrìn. Bí ilé-kíkọ́ ti ń pọ̀ sí i ní Kàbà, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú, ọkọ̀ akẹ́rù ń sọ̀kalẹ̀ dé inú odò, wọ́n ń wa yanrìn láti ìdí bèbè, ilẹ̀ òkè yóò sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú igi tí ó wà lórí rẹ̀. Ọmọ wa ni àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọkọ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sì ju ti oko lọ. Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ní kí a fi ibì kan hàn wọ́n tí wọ́n ti lè máa wà á láìbá igbó náà jà, níbi tí odò ti ń kó yanrìn jọ fúnra rẹ̀ ní àárín omi. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ wà, nísàlẹ̀ afárá àtijọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí méjì tí wọ́n wà ní kóòtù ni ọkọ̀ yóò gbà kọjá. Wọ́n ti yan ènìyàn láti ẹbí kọ̀ọ̀kan, àti ọdẹ kan, àti aṣojú àwọn awakọ̀, kí wọ́n lọ wo ọ̀nà náà nígbà tí òjò bá dá.